Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Ti Nípọn

Oṣù kẹwàá ni Delfín ra ogójì ọmọ màlúù
lọ́wọ́ àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kánsáàsì:
dúdú, abara dídán,
ìdí wọn kún bí àpò àgbàdo.
Owó wọn ò wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ìyá rẹ̀ ti fura.
Eufemia na ọ̀pá sí wọn láti orí àga:
"Ta ló mọ bàbá wọn?
Ta ló ti gbọ́ ọkàn wọn rí lórí òkè?"
Delfín rẹ́rìn-ín. Màlúù ni màlúù.

Ilé wa ga tó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ẹsẹ̀ bàtà,
omi a máa hó níbẹ̀, ẹ̀wà ò ní jinná.
Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi wá.
Ọdún tí mo délé ọkọ,
àtẹ̀gùn mẹ́ta péré, mo jókòó sórí ẹ̀kẹta,
mo ń wá èémí
bí ẹni ń wá owó tó jábọ́ sínú yìnyín.
Orúkọ ọkọ mi gan-an, ìdajì ni mo ń rí pè.
Eufemia gbé tíì gbígbóná fún mi, ó ní,
"Òkè ò kórìíra rẹ. Kò tíì mọ̀ ọ́ ni."

Nígbà tó yá, òkè mọ̀ mí.
Kì í mọ gbogbo ẹni tó bá wá.

Mẹ́ta ti kú kí a tó fura pé kì í ṣe òtútù.
Ẹ̀kẹrin ni èyí tí etí rẹ̀ gbé àmì mẹ́tàdínlógún.
Ó dá dúró lẹ́yìn ọgbà,
ó ya apá síta
bí ẹni tó fẹ́ kí atẹ́gùn gba abíyá òun wọlé.
Mo fọwọ́ kan igẹ̀ rẹ̀: ó rọ̀, ó tutù,
omi ń mì nínú rẹ̀.
Iṣan ọrùn rẹ̀ ń fò, ń fò.
Àwọn yòókù ń jẹ koríko.

Dókítà Tafoya gbọ́ àyà rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kú.
Ó ní àwọn iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró ti fún,
afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ ló fún wọn;
ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn
tí wọ́n ti kọ́ búlọ́ọ̀kù sí lẹ́yìn.
Abẹ́rẹ́ ńkọ́?
Ó mi orí.
"Ìsàlẹ̀ ni oògùn rẹ̀.
Ẹ má lé e. Ẹ má pariwo mọ́ ọn.
Ẹ gbé e bí ẹni gbé ẹyin."

Òru la sọ̀kalẹ̀. Delfín ń wakọ̀, kò sọ̀rọ̀.
Ní gbogbo kọ́nà mo ń bọ́ sílẹ̀,
mo ń gbé etí lé ara tírélà:
èémí rẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀. Èmi.
Ẹgbẹ̀rún méje. Etí mi là, pó!
Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Yìnyín tán lójú ọ̀nà.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin,
iná oko ẹ̀gbọ́n mi Anselm létí odò.

Ó fi ẹsẹ̀ kan kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀kejì.
Ó tẹrí ba, ó mumi, ó mumi.
Èmi náà mí kanlẹ̀,
afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi tọ́ mi, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá.
Mo rò pé n óò yọ̀.
Ó wúwo lẹ́nu mi bí oúnjẹ ilé onílé.

Anselm kọ̀wé nígbà tí koríko yọ:
ó wà láàyè, igẹ̀ rẹ̀ ti fà,
àmọ́ kò sanra bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Delfín kì í ra ẹran mọ́
láìjẹ́ pé Tafoya ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lókè níbí.
Ìyá rẹ̀ ò sọ pé "mo ti wí."
Ó ń fọ́ ẹ̀wà sínú ìkòkò
tó gbé kaná láti àárọ̀.